Ṣé Dandan Ni Kí Ara Sípíkà Tuntun Kọ́kọ́ Dẹ̀ Kó Tó Dùn? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gbé Tirẹ̀ Délé

Ẹni tó bá ti ra sípíkà tuntun rí kò ní ṣàì mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń tà á máa ń sọ nígbà tí oníbàárà bá padà wá ráhùn pé ohùn rẹ̀ ń gún òun létí, pé báàsì rẹ̀ kò sì rinlẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Wọ́n á ní kó fara balẹ̀, pé ara rẹ̀ ni kò tíì dẹ̀, kó máa lò ó fún wákàtí 50 tàbí 100 ná, ohùn rẹ̀ yóò là. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí wa, nítorí a mọ bàtà tuntun tó máa ń ta ẹsẹ̀ kó tó di ohun tí à ń wọ̀ rìn jìnnà, a sì mọ awọ ìlù: onílù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi awọ tuntun bo dùndún mọ̀ pé awọ náà yóò nà, pé òun yóò sì tún ọsán rẹ̀ fà kó le lẹ́yìn tí òun bá ti lù ú fún ìgbà díẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń dẹ̀ nínú sípíkà, bí ìdẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó, àti ohun tó yẹ kí ẹ ṣe láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé e wọlé, kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín láti dá ọjà padà má baà kọjá níbi tí ẹ ti ń dúró de ohun tí kò ní dé.

Ohun tó ń dẹ̀ gan-an

Sípíkà tí à ń lò lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀ sí èyí tí Chester Rice àti Edward Kellogg ti iléeṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ní 1925. Wáyà tín-ín-rín kan wà tí wọ́n wé mọ́ ọ̀pá kékeré tó ní ihò nínú, tí àwọn tó ń tún sípíkà ṣe ń pè ní kọ́ìlì. Àárín òòfà ló wà, bí iná láti inú áńpílífáyà bá sì ti gba inú rẹ̀ kọjá, á máa lọ síwájú, á máa padà sẹ́yìn, á sì máa ti kóònù, ìyẹn awọ tó rí bí àrọ tí à ń rí níwájú, lọ bọ̀ bákan náà. Nǹkan méjì ló di kóònù yìí mú kó má baà yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Èkíní ni etí tó yí i ká, tó lè jẹ́ rọ́bà, fóòmù, aṣọ, tàbí páálí tí wọ́n ká. Èkejì fara pamọ́ sẹ́yìn: aṣọ kan tí wọ́n ṣẹ́ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, tí wọ́n sì rì bọnú oje tó máa ń gbẹ kó sì gan, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sípáídà.

Aṣọ ẹ̀yìn yìí ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìdẹ̀ náà. Nígbà tí kóònù bá kọ́kọ́ rìn jìnnà, oje tó gbẹ mọ́ àárín àwọn fọ́nrán aṣọ yóò sán láwọn ibi tí ojú kò lè rí, aṣọ náà á sì túbọ̀ rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyàtọ̀ tó bá tún ń wáyé kò tó nǹkan mọ́. Nítorí náà, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí wákàtí mélòó kan tí sípíkà bá ti fi agbára ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kì í gba oṣù. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tilẹ̀ máa ń fi ohùn yẹ sípíkà wò kí wọ́n tó kó o sínú páálí, tó túmọ̀ sí pé díẹ̀ nínú ìdẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Twítà, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, kì í rìn tó mìlímítà kan, nítorí náà kò sí ìdẹ̀ kan tí etí ènìyàn lè gbọ́ níbẹ̀. Ti wáyà tí a fi ń so sípíkà mọ́ áńpílífáyà kò tilẹ̀ yẹ kó gba ọ̀rọ̀: kò ní etí, kò ní aṣọ ẹ̀yìn, kò sí ohun tó ń mì lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ọ̀pọ̀ wákàtí dẹ ara wáyà ń tàn yín, àfi tó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ tan òun náà.

Bí ìdẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó

Àwọn tó ń ṣe sípíkà ní ìwọ̀n méjì tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu, tí Neville Thiele ti Ọsirélíà gbé kalẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1961, tí Richard Small sì mú gbòòrò láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ọ̀kan ni Fs, ìyẹn iye ìgbà tí kóònù máa ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí a bá tẹ̀ ẹ́ tí a sì fi í sílẹ̀ kó máa gbọ̀n fúnra rẹ̀. Èkejì ni Vas, tó ń sọ iye lítà afẹ́fẹ́ tí líle rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú líle etí àti aṣọ ẹ̀yìn. Bí ara sípíkà bá dẹ̀, Fs á wálẹ̀, Vas á sì gòkè. Àwọn tó ń ta ọjà máa ń fi wíwálẹ̀ Fs polówó, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ti Vas, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kì í ya ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní sípíkà báàsì kan ní Fs 50 Hz, ìyẹn gbígbọ̀n ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àti Vas lítà 20, tí a sì gbé e sínú àpótí tí a dé pa, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ lítà 10. Bó bá ti wà nínú àpótí yìí, afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa tì í bíi sípíríǹgì, iye ìgbà tí yóò máa gbọ̀n á sì gòkè dé 86.6 Hz. Ẹ wá jẹ́ ká sọ pé ara rẹ̀ dẹ̀ débi pé Fs já sí 45 Hz, tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyàtọ̀ tó pọ̀ díẹ̀. Vas náà á gòkè sí lítà 24.7. Bí a bá dá a padà sínú àpótí kan náà, ohun tí a óò rí ni 83.8 Hz. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ti di nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ pé díẹ̀ ló fi ju ìdajì àlàfo tó wà láàárín kọ́kọ́rọ́ méjì tó tẹ̀ léra lórí dùùrù. Ìdí rẹ̀ kò ju pé afẹ́fẹ́ inú àpótí ni sípíríǹgì tó le jù nínú àwọn méjèèjì, afẹ́fẹ́ kì í sì í dẹ̀. Orí ọgbọ́n yìí ni Edgar Villchur gbé sípíkà AR-1 rẹ̀ kà ní Amẹ́ríkà ní 1954: ó mọ̀ọ́mọ̀ fi etí àti aṣọ tó rọ̀ gan-an ṣe é, kó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni yóò máa ṣiṣẹ́ sípíríǹgì. Ní ti àpótí tó ní ihò, gígùn ihò, fífẹ̀ rẹ̀ àti títóbi àpótí ló ń pinnu ibi tí ihò náà ti ń dún, kò sì sí èyí tí lílò lè yí padà nínú wọn.

Kí wá ló dé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í ṣe òpùrọ́ fi ń búra pé ohùn sípíkà àwọn yàtọ̀ pátápátá lẹ́yìn oṣù kan? Ẹni tó gbọ́ ọ ló dẹ̀. Etí máa ń mọ́ ohùn lára bí ahọ́n ṣe ń mọ́ iyọ̀ ilé tuntun lára, ìrántí wa nípa bí ohùn kan ṣe rí gan-an kì í sì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, nítorí náà ẹni tó ní òun rántí bó ṣe dún ní ọjọ́ kìíní ń rántí ohun tí òun sọ nípa rẹ̀ ni. Láàárín oṣù náà, yóò ti sún àga síhìn-ín, yóò ti gbé sípíkà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò sì ti gbé ohùn sókè díẹ̀ láìfura. Bí ohùn bá sì fi dẹ̀síbẹ̀lì kan péré (dẹ̀síbẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe pọ̀ tó) lọ sókè, ọ̀pọ̀ wa kì í sọ pé ó pariwo jù ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ó dùn jù ú lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yẹ ẹ́ wò ní ọjọ́ tó bá délé

Ẹ má ṣe sún àyẹ̀wò síwájú nítorí pé ara rẹ̀ kò tíì dẹ̀. Nígbà kan, mo ra sípíkà méjì tí twítà ọ̀kan nínú wọn kò dún rárá. Olùtajà ní kí n ní sùúrù, mo sì ní in, títí ọjọ́ méje tí wọ́n fún mi láti dá a padà fi kọjá. Sùúrù kì í tún twítà tó ti kú ṣe.

Ẹ tọ́jú páálí àti rìsíìtì. Bí ẹ bá ń gbé níbi tí òtútù ti ń mú, bíi Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago nígbà òtútù, tí ọkọ̀ tó tutù ló sì gbé e wá, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ilé fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tan án, nítorí rọ́bà etí máa ń gan bó bá tutù, báàsì á sì dín kù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ohùn sípíkà òun yí padà ní ọjọ́ kejì, ooru ilé lásán ló ṣiṣẹ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka mẹ́rin tẹ kóònù báàsì wọlé jẹ́jẹ́, kí ìka náà yí àárín rẹ̀ ká kó má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ha nínú rẹ̀, kọ́ìlì ló ń ha òòfà, àbùkù sì ni, ẹ dá a padà. Ẹ má fi ọwọ́ kan twítà o, nítorí kì í pẹ́ tẹ̀ wọlé. Ohun tí ẹ óò ṣe fún twítà ni pé kí ẹ gbé ohùn sílẹ̀ gan-an, kí ẹ sún etí mọ́ ọn, kí ẹ sì gbọ́ bóyá èyí tó wà lápá ọ̀tún àti èyí tó wà lápá òsì ń dún bákan náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ rí i pé wáyà kò pàdé òdìkejì

Bí wáyà pupa ti sípíkà kan bá bọ́ sójú dúdú, tí ti ìkejì sì wà bó ṣe yẹ, kóònù ọ̀kan á máa jáde nígbà tí ti èkejì ń wọlé, báàsì àwọn méjèèjì á sì máa pa ara wọn. Ohùn á tínrín, olórin á dà bí ẹni tí kò dúró síbì kankan, àìsàn yìí gan-an ni wọ́n sì sábà máa ń sọ pé ìdẹ̀ yóò wò sàn. Ẹ fi orin móónò, ìyẹn èyí tí ohun kan náà gan-an ń jáde láti inú sípíkà méjèèjì, yẹ ẹ́ wò: ohùn olórin gbọ́dọ̀ wá láti àárín gan-an. Bí sípíkà yín kò bá ní áńpílífáyà nínú, tí ẹ sì ń rí kóònù báàsì rẹ̀, ẹ tú wáyà áńpílífáyà kúrò, kí ẹ fi orí bátìrì kékeré ti 1.5 V kan ojú pupa, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ kan dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kóònù sípíkà méjèèjì gbọ́dọ̀ lọ sí apá kan náà, èyí tó sábà máa ń jẹ́ síta. Bí ọ̀kan bá jáde tí èkejì wọlé, ẹnì kan ti so wáyà òdì nínú àpótí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá ibi tó yẹ ẹ́ nínú yàrá

Iṣẹ́ tó ń mú èrè wá jù lọ nìyí, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ ṣe. Nínú yàrá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, ohùn tó wà ní nǹkan bí 43 Hz máa ń gun orí ara rẹ̀ láàárín ògiri méjèèjì, débi pé ó pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láàárín yàrá. Ẹni tó bá gbé àga rẹ̀ sí àárín gbùngbùn yàrá yóò máa wá báàsì kiri, yóò sì dá sípíkà lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí orin kan tí báàsì rẹ̀ kò dáwọ́ dúró máa dún, kí ẹ dìde, kí ẹ rìn yí yàrá ká. Ìyàtọ̀ tí ẹ óò gbọ́ láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́ta ju èyí tí wákàtí 100 lè fún yín lọ fíìfíì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi twítà sí ibi tó ga dé etí yín bí ẹ bá jókòó, kí ẹ máa sún sípíkà mọ́ ògiri tàbí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣe súnmọ́ ògiri tó ni báàsì rẹ̀ máa ń pọ̀ tó. Bí ẹ bá ti rí ibi tó wù yín, ẹ fi téèpù sàmì sí ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi ohùn tó ń gòkè wá àbùkù

Lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ lè rí ètò tó ń mú ohùn kan ṣoṣo jáde, tó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ láti 40 Hz sí 200 Hz ní ohùn tí kò pọ̀. Ohùn náà gbọ́dọ̀ mọ́ látòkè délẹ̀. Bí nǹkan bá ń gbọ̀n jìnnìjìnnì tàbí tó ń kùn bí eṣinṣin níbì kan, ẹ kọ́kọ́ yẹ fèrèsé, férémù ara ògiri àti àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù wò, nítorí àwọn gan-an ló sábà máa ń jẹ̀bi. Bó bá wá jẹ́ pé láti inú sípíkà ló ti ń wá, àbùkù ni, kò sì ní dẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ bá ṣì fẹ́ dẹ ara rẹ̀

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ná yín ní nǹkan kan. Ẹ máa fi í gbọ́ orin tí báàsì rẹ̀ dára, ní ohùn tó pọ̀ díẹ̀ ju èyí tí ẹ fi ń bára yín sọ̀rọ̀ lọ, fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìda àdúgbò láàmú lè kọjú sípíkà méjèèjì síra wọn kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, kó yí wáyà ọ̀kan ṣoṣo padà, kó sì fi orin móónò sí i. Báàsì àwọn méjèèjì á pa ara wọn lọ́nà tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ kóònù á ṣì máa rìn. Kó rántí dá wáyà náà padà sí àyè rẹ̀ nígbà tó bá parí.

Àwọn ohun tí ó yẹ kí ẹ yàgò fún nìwọ̀nyí. Ẹ má fi ariwo tó dà bí òjò lórí páànù sí i ní ohùn gíga, nítorí twítà ni yóò jó. Bí àpótí bá ní ihò, ẹ má fi ohùn tó kéré gan-an, bíi 20 Hz, tì í lágbára. Ní ìsàlẹ̀ ibi tí ihò náà ti ń dún, afẹ́fẹ́ kò ní di kóònù mú mọ́, á sì lè rìn ju ibi tó yẹ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí áńpílífáyà kékeré pariwo kọjá agbára rẹ̀ débi tí ohùn fi ń fọ́, nítorí ohùn tó ń fọ́ lè pa twítà. Ní ti ẹni tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí 100 nítorí kí sípíkà lè dẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, owó epo yẹn yóò ra sípíkà mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dán an wò fúnra yín

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń ta sípíkà, ìdánwò tó dára jù ti wà nílé yín. Ẹ gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, kí ẹ fi orin kan náà sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀, nítorí wọn lè má bára mu tán láti iléeṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ọ̀kan ṣoṣo fún wákàtí 20, kí èkejì máa sinmi nínú páálí. Bí wákàtí náà bá pé, ẹ jẹ́ kí èyí tó ṣiṣẹ́ tutù, ẹ gbé wọn padà sójú kan náà, kí ẹ yíjú sí ògiri, kí ẹlòmíràn máa tan èyí tó bá wù ú, kí ẹ sì máa sọ èyí tó jẹ́ ti wákàtí 20. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, kó máa fi owó ẹyọ pinnu èyí tó máa kàn, kó má sì fi ojú tàbí ohùn rẹ̀ tú àṣírí. Ẹni tó kàn ń méfò yóò gba nǹkan bí 5. Kó tó gba 9 tàbí 10, àyè rẹ̀ jẹ́ ìgbà 11 péré nínú 1024. Bí ẹ bá gba 9, ohun kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí ẹ sì wo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ ní àkọ́kọ́ kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìdẹ̀ ni tàbí ìyàtọ̀ tí wọ́n ti gbé wá láti iléeṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i lójú lè lo Room EQ Wizard, ètò kọ̀ǹpútà tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú maikirofóònù tí wọ́n ṣe fún ìwọ̀n. Kó wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ kìíní, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí 20, kí maikirofóònù, sípíkà àti ohùn má sì yẹ̀ kúrò ní àyè wọn rárá. Kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kìíní kan náà pẹ̀lú, kó ṣí maikirofóònù nídìí kó sì dá a padà láàárín méjèèjì, kó lè mọ bí ìwọ̀n tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń yàtọ̀. Ìyàtọ̀ tí kò bá ju ti ìwọ̀n méjì yìí lọ kì í ṣe ìdẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ díẹ̀

Sípíkà gìtá kò sí nínú ohun tí mo ti ń sọ bọ̀. Páálí líle ni etí ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sì sí àpótí tí a dé pa lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀ láti bo ìdẹ̀ mọ́lẹ̀. Onígìtá jùjú tó bá ní ohùn sípíkà òun rọ̀ lẹ́yìn òde àríyá mélòó kan lè máa sọ òótọ́, etí rẹ̀ sì yẹ ní gbígbàgbọ́ ju ti oníṣòwò lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sípíkà tòkúnbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó wá sí ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́. Ara tirẹ̀ ti dẹ̀ tipẹ́; ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni pé ó ti lè dẹ̀ kọjá ààlà. Bí etí rẹ̀ bá jẹ́ fóòmù, ọjọ́ orí àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ rà, nítorí náà ẹ ṣí aṣọ iwájú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ fi ìka kan etí náà fẹ́rẹ́. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ìka tàbí tó ń rún bí àkàrà tó gbẹ, ó ti tán nìyẹn, àfi kí wọ́n fi etí tuntun sí i, kí ẹ sì yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí ẹ óò san. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi etí tuntun sí i, ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ gbẹ fún odindi ọjọ́ kan kí kóònù tó rìn, kí ẹ wá padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin, nítorí etí tí wọ́n bá lẹ̀ tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan á máa mú kọ́ìlì ha òòfà, ohùn tó ń gòkè náà ni yóò sì kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀.